Bobby Benson ní ilé tirẹ̀, àwa ń háyà gbọ̀ngàn

Ẹ bi ọ̀dọ́ ìwòyí nípa Bobby Benson, tó bá tiẹ̀ gbọ́ orúkọ náà rí, "Taxi Driver" nìkan ló máa rántí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orin yẹn kọ́ ni iṣẹ́ tó tóbi jù tí ọkùnrin náà ṣe.

Ọmọ Ìkòròdú ni, àbúrò T.O.S. Benson, lọ́yà tó di mínísítà. Ọdún 1922 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó kan ẹ̀ṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun dé Lọ́ńdọ́nù, ibẹ̀ ló ti gun orí ìtàgé. Ní 1947 ó padà sí Èkó, òun àti Cassandra ìyàwó rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó Jam Session Orchestra jọ, wọ́n ń lu jáàsì kí wọ́n tó yà sí háíláìfù. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi gìtá oníná ṣeré l'Ékòó.

Ibi tí mo ń lọ rèé: Bobby ò jókòó máa retí ẹni tó máa pè é wá ṣeré. Ó dá ilé ijó tirẹ̀, Caban Bamboo, sílẹ̀, òun ló wá di Hotel Bobby lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Òun ló ni ẹgbẹ́, òun náà ló ni ojú agbo. Victor Ọláìyá, Roy Chicago àti Zeal Onyia, gbogbo wọn ló gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dá dúró.

Èmi tí mo ka ìwé òfin mọ̀ pé òfin tó de iṣẹ́ ọpọlọ, èyí tí wọ́n ṣe ní 2022, dáàbò bo orin fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Bobby kú ní 1983. A jẹ́ pé orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì ní olówó títí 2053 yóò fi parí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin wo ló dáàbò bo ibi tí ọmọ tó ń kọ́ gìtá ti lè dúró lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ lálaalẹ́?

Ẹ máa sọ pé ilẹ̀ ti wọ́n, epo jẹnẹrétọ̀ náà ti wọ́n. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká dá a dá ẹnì kan. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ní gbọ̀ngàn gbé e sílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fáwọn ẹgbẹ́ olórin kéékèèké. Kí ẹ̀yin olórin tówó ti wọlé fún náà para pọ̀, kẹ́ ẹ dá ojú agbo kan sílẹ̀. Mọ́tò yín á gbó. Ọmọ tẹ́ ẹ bá kọ́ níṣẹ́, òun náà á kọ́ ẹlòmíì.