Ráhábù Méjì Ló Wà

Bí a bá gbọ́ "Ráhábù", obìnrin Jẹ́ríkò ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹranko ńlá inú òkun ni Ráhábù inú Isaiah 51:9. Ní èdè Hébérù, lẹ́tà àárín orúkọ méjèèjì kò bára mu. Ìgbéraga àti ìrúkèrúdò ni orúkọ ẹranko náà jẹ mọ́. Isaiah 30:7 fi í pe Íjíbítì, ilẹ̀ tó kó Ísírẹ́lì lẹ́rú rí, tí Júdà sì tún ń sá lọ bá fún ìrànlọ́wọ́. Asán ni, ni wòlíì wí.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ara wa wò. Ṣé aninilára kọ́ là ń sá di? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sunkún nílé wa ńkọ́? Ẹni tó ń fìyà jẹ aláìní, Ráhábù inú òkun ni, bó tilẹ̀ ń ké Halelúyà.