Kí ni Kí A Pe Ohun tí Ara Kọ̀?

Bí ọyẹ́ bá dé sí Àgọ́-Àrẹ, tí eruku àti èéfín igbó sísun gba ojú ọ̀run, àwọn kan wà tí mímí máa ń di iṣẹ́ fún. Àyà wọn a máa dún bí fèrè. Àwọn kan ń pe àìsàn yìí ní ikọ́ fée. Orúkọ kan náà ni àwọn mìíràn fi ń pe ikọ́ ife, èyí tí kòkòrò ń fà, tí ó sì ń ràn. Àṣìpè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọmọ tí àìsàn rẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni ni a ó ya abọ́ àti ẹní rẹ̀ sọ́tọ̀. Ní tèmi, kí a yọ "ikọ́" kúrò nínú orúkọ náà pátápátá. "Ikọ́ sémìísémìí" ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ìdajì rẹ̀ tí ó wúlò ni kí a mú, kí a ní àrùn sémìísémìí. Àmì lásán ni ikọ́. Ọ̀nà èémí ni ó wú tí ó sì fún.

Èyí rọrùn. Ohun tí ó sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ ni ó ṣòro láti sọ lórúkọ. Ní 1906, Clemens von Pirquet, dókítà ọmọdé ní Vienna, so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, "òmíràn" àti "iṣẹ́", láti ṣẹ̀dá álájì. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń bọ́ sí wa lẹ́nu ni "èèwọ̀ ara". Èmi náà ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kì í dá rìn: ẹni tí ó jẹ ẹ́ ti ṣẹ̀, ètùtù ni ó kàn, ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́, kí ó yẹra. Ìwádìí tí a gbé jáde láti Lọ́ńdọ̀nù ní 2015 ta ko yíyẹra yìí. Ọmọ ọwọ́ 640 ni wọ́n lò, tí oṣù wọn wà láàárín 4 sí 11, tí awọ ara wọn ń yún gidigidi tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Apá kan ń jẹ ẹ̀pà, apá kejì kò fẹnu kàn án, títí wọ́n fi pé ọdún 5. Nínú àwọn tí ó yẹra, bí 17 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn wá kọ ẹ̀pà; nínú àwọn tí ó ń jẹ ẹ́, 3 péré. Ẹ̀pà tí à ń gbìn ní Òkè-Ògùn náà ni o! (Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò láìsí dókítà.)

Ẹ̀ṣọ́ ara ni mo ń pe àwọn agbèjà inú ẹ̀jẹ̀, nítorí àjẹsára ti di ti abẹ́rẹ́. Ará Ọ̀yọ́ kò sì nílò àlàyé ẹ̀ṣọ́. Brunkow, Ramsdell àti Sakaguchi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2025 lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì apẹ̀tù ni èmi yóò pè wọ́n.

Nítorí náà, àṣìkọ̀ ara ni mo dábàá fún álájì: ara ṣi aláìlẹ́ṣẹ̀ mú ní ọ̀tá, ó kọ̀ ọ́. Àwọn kan yóò ní ó jọ àṣìkọ. Ẹni tí ń kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i ni kí ó tún ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.