Ìjókòó Tí a Yà Sọ́tọ̀ fún Obìnrin Kì í Ṣe Àjèjì ní Ọ̀yọ́

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, Olóyè Wúràọlá Ẹ̀san ti Ìbàdàn ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé aṣòfin àgbà. Kì í ṣe ìbò ará ìlú ló gbé e débẹ̀. Nígbà náà, yíyàn ni wọ́n ń yan sẹ́nétọ̀, òfin sì ya ìjókòó kan sọ́tọ̀ fún Ọba Èkó láìdíje. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé kò bójú mu láti ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún obìnrin, kó kọ́kọ́ wo bí ilé náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló sọ Ẹ̀san di ẹni ìlú mọ̀. Ọdún 1909 ni wọ́n bí i. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ti Onítẹ̀bọmi ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, ló ti kàwé. Ó ṣe olùkọ́ ní Àkúrẹ́. Ní 1944, ó dá Ibadan People's Girls' Grammar School sílẹ̀ ní Mọ́lété, nígbà tó ṣì ku ọdún mẹ́jọ kí Queen's School tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ẹdẹ tó ṣílẹ̀kùn. Nínú ẹgbẹ́ Action Group tó dara pọ̀ mọ́, àwọn obìnrin ló ń kó èrò jọ, àmọ́ díẹ̀ nínú wọn ló ń rí ipò gbà.

Olùkọ́ mìíràn wà ní Abẹ́òkúta. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí títí Aláké Ladapo Ademola fi kúrò lórí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀ ní 1949. Obìnrin wo ló tún gbayì tó o nígbà náà? Síbẹ̀, nígbà ìbò 1959, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC tó ti ṣiṣẹ́ fún kò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Akíkanjú ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀san wọlé nítorí pé wọ́n yàn án. Ti Ransome-Kuti wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó ń pín tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní Ọ̀yọ́ ńkọ́? Samuel Johnson, àlùfáà tó sìn ní ìlú náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìyákéré, obìnrin olóyè láàfin, ló ń fi adé lé Aláàfin lórí. Kò sí ọkùnrin tó ń bá a du oyè yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyè Ìyálóde Ìbàdàn, tí Ẹ̀san fúnra rẹ̀ jẹ ní 1975. Àwọn baba ńlá wa kò fi gbogbo ipò sílẹ̀ fún ẹni tó lágbára jù, wọ́n ya ti obìnrin sọ́tọ̀.

Ilé aṣòfin àgbà òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú sẹ́nétọ̀ 109, obìnrin mẹ́ta ló wọlé ní 1999. Ní 2023, mẹ́ta náà ni wọ́n kọ́kọ́ kéde. Ọdún mẹ́rìnlélógún kọjá láìsí ìyàtọ̀! Ẹgbẹ́ APC tilẹ̀ dín owó fọ́ọ̀mù ìdíje kù fún obìnrin ní 2022. Owó fọ́ọ̀mù nìkan kọ́ ni ìdènà.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí Monsurat Sunmonu, ọmọ Ọ̀yọ́, tó di olórí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 2011, tó sì ṣe sẹ́nétọ̀ láti 2015 dé 2019. Iṣẹ́ rẹ̀ yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n láti 2015, obìnrin kankan kò tíì tún jókòó sórí àga olórí ilé ní Agodi, Ìbàdàn. Bí ẹnì kan bá gba inú igbó kọjá, ọ̀nà kò tíì là nìyẹn.

Ní Rwanda, òfin ya ìjókòó 24 nínú 80 sọ́tọ̀ fún obìnrin ní 2003. Lónìí, ó ju ìdajì ilé náà lọ tó jẹ́ obìnrin, nítorí wọ́n ń borí níbi tí kò sí ìyàsọ́tọ̀ pàápàá.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, ilé aṣòfin àpapọ̀ kọ àbá tí ìbá fi ìjókòó obìnrin 111 kún tiwọn. Àwọn kan bẹ̀rù pé yóò jẹ́ ẹ̀bùn fún ìyàwó àti ọmọ olóṣèlú. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òfin sọ ọ́ kedere pé kí obìnrin máa bá obìnrin díje, kí gbogbo olùdìbò sì máa yàn.

Bí àbá náà bá tún padà wá, àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà kì í parí ní Abuja. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ti Ọ̀yọ́ sì ní ìbò tirẹ̀. Kí ìdìbò tó ń bọ̀ tó dé, kí àwọn ìyálọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn olùkọ́, àti ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ àti mọ́ṣáláṣí pe àwọn aṣojú wọn ní Agodi, kí wọ́n bi wọ́n ní gbangba bóyá wọn yóò fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ orúkọ àti ìdáhùn ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.