Ẹ Bi Í Léèrè Kí Ẹ Tó Pa Á Rẹ́

Tí ẹ bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa pé ẹ̀rọ kan kò dáhùn, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹ lọ pe àwọn ará ẹ̀ka iná. Èmi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ tiwa náà ni. Ọkọ̀ rélùwéè kékeré ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà ń tò sínú yàrá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà. Àbúrò bàbá mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló kó mi sínú rẹ̀. (Mi ò ní kọ iye tí wọ́n ń ra ọ̀kan síbí, torí pé ìyàwó wọn ń ka ìwé ìròyìn wa.)

Láyé àtijọ́, gbogbo ọkọ̀ tó bá wà lójú irin kan náà ló máa ń gbéra pọ̀. DCC ló yí i padà. Ilé-iṣẹ́ Lenz ní Jámánì ló pilẹ̀ ìmọ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ NMRA ní Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo ayé. Dikódà kan wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ní orúkọ tirẹ̀, nọ́ńbà sì ni orúkọ náà. Tí a bá pe 3, 3 nìkan ló ń jẹ́ wa. Inú àwọn àpótí tí wọ́n ń pè ní CV ni ó ń fi ohun tó mọ̀ sí, CV1 sì ni orúkọ rẹ̀ wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Tí a bá fẹ́ ka ohun tó wà nínú CV kan, a óò gbé ọkọ̀ náà nìkan sójú irin tí a fi ń tò ó, torí pé níbẹ̀, a kì í pe orúkọ. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ là ń bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń bi í. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, dikódà á ta mọ́tò rẹ̀ jí díẹ̀, á fa iná tó tó 60 milliamp fún nǹkan bíi milliseconds 6. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, á dákẹ́. Ẹ ò rí i pé ìdákẹ́jẹ́ náà ní ìtumọ̀ méjì? Ó lè jẹ́ "rárá", ó sì lè jẹ́ pé a ò gbọ́ ohun tó sọ. Táyà irin tó dọ̀tí lè fà á. Tí wáyà mọ́tò bá já, dikódà gbọ́ wa, kò kàn ní ohun tí yóò fi dáhùn ni. Síbẹ̀, "kò ṣeé kà" nìkan ni ẹ̀rọ á kọ sójú, oníǹkan á sì gbà pé dikódà ti bàjẹ́.

Ọkọ̀ kan dákẹ́ mọ́ àbúrò bàbá mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tà á fún wọn ní kí wọ́n kọ 8 sínú CV8, èyí tó máa ń dá ọ̀pọ̀ dikódà padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá. Ọkọ̀ dáhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo bí wọ́n ṣe to ìsáré rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ti lọ. Nígbà tí wọ́n tún so ó mọ́ ọkọ̀ kejì kí méjèèjì lè jọ máa fa ẹrù, ó tún dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo ní kí wọ́n ka CV19. 12 ló wà níbẹ̀: orúkọ àwọn méjèèjì lápapọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti ń jẹ́ orúkọ àpapọ̀ kì í gbọ́ àṣẹ ìrìn lórúkọ ara rẹ̀ mọ́, bí obìnrin tó ti di Ìyá Bọ́lá tí kò yíjú mọ́ tí ẹ bá pè é ní Àdùkẹ́. Òdo nínú CV19 ì bá ti yanjú rẹ̀.

Ẹ tún wo CV29. Fonọ́lọ́jì ni, kò sí irọ́ níbẹ̀: àkójọ àbùdá tó wà tàbí tí kò sí. Tí ọkọ̀ bá ń rìn sẹ́yìn nígbà tó yẹ kó lọ síwájú, ẹ fi 1 kún iye tó wà níbẹ̀. 6 á di 7. Ṣùgbọ́n 38 ló wà nínú ọkọ̀ tó ń lo orúkọ gígùn, bíi 1254, torí pé 32 tó ń jẹ́ kí orúkọ náà ṣiṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá kan da 7 kọ síbẹ̀ tún ọ̀nà ṣe, ó sì pa orúkọ rẹ́. 39 ló yẹ kó kọ. Ẹni tó fẹ́ sọ /t/ di /d/ á fi ìkùnyùn kún un, kò ní fọwọ́ kan ibi ìsẹ́nupè. Ọdún kejì la ti kọ́ èyí.

Nítorí náà, mi ò gbà pé ẹni tó bá mú irú àkọlé báyìí fún prójẹ́ẹ̀tì ti ṣìnà. Gbólóhùn bíi "kò ṣeé kà" nílò ẹni tó gbọ́ èdè, tí yóò la "ó ní rárá" kúrò lára "mi ò gbọ́ ọ". Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù àti áàpù, ẹ kó àwọn gbólóhùn tí ẹ̀rọ yín ń kọ sójú nígbà tí nǹkan bá dàrú wá sí sẹmínà wa. A óò bá yín tú wọn wò.