Ilé Là Ń Wò, Kì Í Ṣe Lẹ́ńsì

Àwa tí à ń fi kámẹ́rà jẹun ní Èkó, pàápàá àwa tí àwọn éjẹ́ńtì ń pè wá ya ilé tí wọ́n fẹ́ fi háyà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa lónìí. Irọ́ là ń pa. A kì í fi ẹnu pa á, lẹ́ńsì la fi ń pa á, ibi tí a sì ti ń pa á jù ni balùwẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Éjẹ́ńtì kan pè wá sí ilé kan ní apá Ìyànà-Ìpájà: yàrá kan, pálọ̀ kan, kíṣìnì àti balùwẹ̀. Balùwẹ̀ náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 ní fífẹ̀ àti 5 ní gígùn lọ, WC sì wà nínú rẹ̀. Inú ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí, etí WC ló sì máa ń gbá. A ti ilẹ̀kùn náà dé ibi tó lè dé, a dúró sẹ́nu ọ̀nà, a rí i dájú pé ilẹ̀kùn ò hàn, a wá fi lẹ́ńsì tó fẹ̀ jù lọ nínú báàgì wa yà á. Nígbà tí fọ́tò jáde, ẹ ó rò pé òtẹ́ẹ̀lì ni. Inú éjẹ́ńtì dùn, ó sanwó, a bá tiwa lọ.

Ọmọkùnrin kan ní London ló rí fọ́tò náà. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ gba ilé fún. Làkúrègbé ti mú ìyá lórúnkún, orí àpótí ló ti ń wẹ̀, ọmọbìnrin kan ló sì máa ń bá a bu omi. Ọmọ wo fọ́tò, ó rí àyè, ó san owó ọdún kan, ó san àgírímẹ́ǹtì, ó san kọmíṣánnì. Ìyá kó wọlé. Wọ́n gbé àpótí sínú balùwẹ̀, ìyá jókòó, kò wá sí ibi tí ọmọbìnrin náà máa dúró sí. Tó bá wọlé, ilẹ̀kùn ò ní lè padé. Bí ìyá àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí nìyẹn, kọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti pálọ̀. A mọ̀ nítorí pé ọmọ náà wá nọ́ńbà wa títí tó fi rí i, ó sì pè wá. Kò bú wa. Ohun tó béèrè ò ju pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé balùwẹ̀ yẹn náà lẹ yà?" A ò rí èsì fọ̀.

Fún ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe é, àlàyé rẹ̀ rèé. Ká sọ pé a dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ògiri pẹ̀lú kámẹ́rà tí à ń pè ní full frame. Lẹ́ńsì 50mm kò ní rí tó ẹsẹ̀ bàtà 3 nínú fífẹ̀ ògiri náà. Lẹ́ńsì 24mm á rí 6. Lẹ́ńsì 16mm á rí 9. Fóònù gan-an ò gbẹ́yìn: iPhone 11 tó jáde lọ́dún 2019 ní bọ́tìnì 0.5, lẹ́ńsì ìdí bọ́tìnì náà sì bá 13mm mu. Ìyẹn á rí bíi 11 láti ojú kan náà. Rírí púpọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé ohun tó wà nítòsí kámẹ́rà á tóbi gan-an, ògiri ẹ̀yìn á sì kéré. Ó sì ti mọ́ ojú ọmọ èèyàn lára pé ohun tó bá kéré, ọ̀nà jíjìn ló wà. Bí ògiri tí ọwọ́ èèyàn lè kàn ṣe ń di ohun tí a rò pé a máa rìn lọ bá nìyẹn. Ohun tó bá sì bọ́ sí etí fọ́tò á nà: WC á gùn bí ọkọ̀ ojú omi, kòròbá róbótó á dà bí ẹyin.

A mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa máa sọ. Wọ́n á ní balùwẹ̀ kéré, kò síbi tí èèyàn máa fà sẹ́yìn sí, kí ni ká ti wá ṣe é? Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ní ká lo 50mm nínú balùwẹ̀ ò tíì ya balùwẹ̀ rí. Ẹ̀rọ omi kan àti ọṣẹ kan ló máa rí mú bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní dandan ni kí fọ́tò kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀? Fọ́tò mẹ́ta ò lè pa wá. À ń ya ogún fọ́tò pálọ̀.

Wọ́n á tún ní, "Ta ni ò mọ̀ pé fọ́tò ilé máa ń purọ́? Ẹni tó bá gbọ́n á wá fojú ara rẹ̀ wò ó." Ó dáa. Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í pe ara rẹ̀ ní ìròyìn, àfojúbà ló ń pe ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gbà á gbọ́. Ẹni tó wà ní London tàbí Houston, báwo ló ṣe fẹ́ wá wò ó? Ẹni tó wà ní Èkó ńkọ́? Ó máa wọkọ̀ láti Ìkòròdú, ó máa san owó tí éjẹ́ńtì ń gbà kó tó mú èèyàn lọ wo ilé, ó máa débẹ̀, ó máa wo balùwẹ̀, ó máa padà. Lọ́jọ́ kejì, ilé mìíràn, owó mìíràn. Bí fọ́tò wa bá sọ òótọ́, ìdajì ìrìn yẹn ì bá má wáyé. Irọ́ wa ń pa owó wọlé fún ẹnìkan, àpò ẹni tó ń wá ilé ló sì ti ń jáde.

Àwọn kan á ní éjẹ́ńtì ló sanwó, òun la sì ń ṣiṣẹ́ fún. Àbí? Aránṣọ tó gbowó lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó, ara ta ló ń wọ̀n? Ara ìyàwó ni. Ẹni tó máa wọ aṣọ la ń wọ̀n, ẹni tó máa wẹ̀ nínú balùwẹ̀ náà ló sì yẹ ká ro tiẹ̀ mọ́ ọn. Òfin pàápàá ò sí lẹ́yìn wa: òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, lòdì sí ìpolówó tó ń ṣi èèyàn lọ́nà. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tó ń san owó lọ́dọọdún. Ká tiẹ̀ sọ pé gbogbo onílé pa òfin yẹn mọ́, ọdún kan gbáko ṣì ni ìyà fọ́tò kan.

A ò sọ pé kí fọ́tò má rẹwà. Àwọn ọ̀gá tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò láyé àtijọ́ máa ń tún ojú oníbàárà ṣe, wọ́n á pa àpá rẹ́, wọ́n á jẹ́ kí ara dán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ojú ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, òun náà ló gbé fọ́tò rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n tún máa ń rí i pé gbogbo èèyàn náà hàn, láti orí fìlà dé bàtà. Tiwa yàtọ̀: ilé tí ẹlòmíràn máa sùn sí là ń kùn ní àtíkè.

Ohun tó dùn wá jù rèé: ìtìjú wo ló tiẹ̀ wà nínú balùwẹ̀ kékeré? Ẹni tó ti gbé face-me-I-face-you rí, tó ti gbé kòròbá dúró lórí ìlà láago márùn-ún ìdájí nítorí pé yàrá mẹ́wàá ló ń lo balùwẹ̀ kan, mọ̀ pé balùwẹ̀ ẹni, bó ti wù kó kéré, ọlá ni. Bí ẹ̀rọ omi bá ń yọ omi, tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn lọ geere, tí fèrèsé ń gba atẹ́gùn, kí la tún ń wá? Nígbà tí a bá na ẹsẹ̀ bàtà 4 di 8, ohun tí à ń sọ fún onílé àti ayálégbé ni pé kò tó nǹkan.

Nítorí náà, ohun tí àwa ti pinnu rèé, a sì ń rọ ẹ̀yin náà. A ò ní lo lẹ́ńsì tó fẹ̀ ju 24mm lọ nínú balùwẹ̀ mọ́, a ò sì ní tẹ 0.5 lórí fóònù. A máa dúró sẹ́nu ọ̀nà, a máa gbé kámẹ́rà sí bí i gíga àyà, a ò ní gbé e ṣẹ̀gbẹ́, a máa ya fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ hàn nínú ọ̀kan, kí èèyàn rí ibi tó ń ṣí sí. A máa gbé kòròbá kan sí àárín ilẹ̀, kì í ṣe sí etí, nítorí gbogbo ilé ló mọ bí kòròbá ṣe tóbi tó. A ò ní pa èébú ara ògiri rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: a máa na tépù, a máa kọ fífẹ̀ àti gígùn sábẹ́ fọ́tò. Tépù ò ní lẹ́ńsì. Éjẹ́ńtì tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wá ẹlòmíràn.

Éjẹ́ńtì méjì ti wá ẹlòmíràn. Kò burú. Ebi lè pa wá díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, a sì ti mọ ibi tí òtítọ́ ti bá tiwa: ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ kan ní Ìyànà-Ìpájà, níbi tí ìyá arúgbó kan ti ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá, òun ò tíì wẹ̀ tán.