Òṣùbà fún Sájẹ́ǹtì Foley

Bí ẹ bá dárúkọ fíìmù An Officer and a Gentleman fún ẹni tó wò ó nígbà tó jáde ní 1982, ìparí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ: Richard Gere nínú aṣọ funfun àwọn ológun ojú omi, tó wọ ilé iṣẹ́ lọ bá olólùfẹ́ rẹ̀, tó gbé Debra Winger sọ́wọ́, táwọn òṣìṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ dùn, kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ gbé òṣùbà fún kò sí níbẹ̀. Louis Gossett Jr. ni, ẹni tó ṣe Sájẹ́ǹtì Emil Foley, tó ń dá àwọn tó fẹ́ di ọ̀gá ológun lẹ́kọ̀ọ́.

Douglas Day Stewart tó kọ ìtàn náà ti gba irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i, Taylor Hackford, olùdarí eré, sì kó àwọn òṣèré lọ sí Fort Worden, bárékè àtijọ́ kan ní Port Townsend, ìpínlẹ̀ Washington. Wọn kò kọ Foley fún aláwọ̀ dúdú. Ìgbà tí Hackford rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó ń kọ́ ọmọ ogun ní Pensacola ló yí èrò padà. Ó káre.

Gossett kò fi iṣẹ́ náà ṣeré rárá. Wọ́n ní kó má bá àwọn òṣèré yòókù gbé pọ̀, kí ẹ̀rù rẹ̀ lè máa bà wọ́n, ó sì gbà. R. Lee Ermey, tó ti ṣe irú iṣẹ́ Foley rí nínú ikọ̀ Marine, ló kọ́ ọ. Ẹ wo òpin ọ̀sẹ̀ tí Foley fi jẹ Zack Mayo, tí Gere ṣe, níyà kó lè fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí ọmọkùnrin náà bú sẹ́kún pé òun kò níbòmíràn tí òun lè lọ. Ẹ wo ojú Gossett: ìbínú kò tíì kúrò níbẹ̀, àánú ti wọlé. Lọ́jọ́ tí Mayo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gboyè, ẹni tó ń bú wọn tẹ́lẹ̀ ló ń kí wọn bí ọ̀gá, tí wọ́n ń fún un ní dọ́là kọ̀ọ̀kan. Mayo tó wá gbé Paula, olólùfẹ́ rẹ̀ tí Winger ṣe, sọ́wọ́, ọwọ́ Foley ló ti jáde. Láìsí Foley, ìfẹ́ yẹn kò ní gún régé lójú mi.

Ní 1983, Gossett di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar òṣèré àtìlẹ́yìn. Orin Joe Cocker àti Jennifer Warnes tó wà nínú fíìmù náà gba tirẹ̀. Owó tí fíìmù náà pa ní Amẹ́ríkà nìkan lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là.

Ọ̀nà Gossett tilẹ̀ ti kan ti Yorùbá rí. Nínú eré A Raisin in the Sun ní Broadway, 1959, òun ni George Murchison, ẹni tó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan náà tí Asagai, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá láti Nàìjíríà, ń fẹ́.

Oscar kò mú ipa ńláńlá tó retí wá. Ó jìjàkadì pẹ̀lú ọtí àti oògùn olóró, ó borí wọn, ó sì dá àjọ Eracism sílẹ̀ láti gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ó jáde láyé ní March 29, 2024, lẹ́ni ọdún 87. Ẹ̀yin tó ń kọ́ni ní eré ṣíṣe, ẹ fi fíìmù yìí han àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa wo Foley.