Ọ̀dà Tuntun Kì Í To Eegun Mọ́tò

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtira mọ́tò kí ọdún tó parí, ẹ̀yin tí mọ́tò yín ṣì wà lọ́dọ̀ panẹ́bítà látìgbà tó ti ní ìjàǹbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ má tíì gbé ọmọ sínú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà tó ń dán tàbí bọ́ńpà tuntun ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ ṣáásì ni, àti ti àwọn irin tó yí èrò inú mọ́tò ká, tí ojú kì í tó mọ́ bí wọ́n bá ti kun mọ́tò tán. Bí wọn kò bá tún irin yẹn ṣe bó ti yẹ lẹ́yìn ìjàǹbá àkọ́kọ́, ìjàǹbá kejì tí kò tó nǹkan lè gba ẹ̀mí ẹni tí ì bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.

Ohun tí ojú mi rí ló ń mú mi kígbe. Àbúrò mi ọkùnrin fi Camry rẹ̀ kọlu ìdí tírélà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọlọ́run yọ ọ́. Airbag bú jáde, ètè rẹ̀ nìkan ló bẹ́jẹ̀. Mọ́tò ló gba ìyà náà: imú rẹ̀ rún wọnú, ìlẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà kò ṣí mọ́. A ṣọpẹ́, a wọ́ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ panẹ́bítà kan tí gbogbo àdúgbò ń yìn.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n na ṣáásì rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ìdí mọ́tò mọ́ igi máńgòrò, wọ́n so imú rẹ̀ mọ́ típà tó ń kó yanrìn, dẹ́rẹ́bà típà wá ń tẹná díẹ̀díẹ̀. Mọ́tò náà ń ké bí ìlẹ̀kùn onírin tó ti dípẹtà. Ibi tí kò bá fẹ́ nà, ọ̀gá á gbé iná gáàsì sí i títí irin á fi pọ́n bí ẹyinná, wọn á tún fà á, ọmọṣẹ́ á máa fi òòlù lù ú. Bó bá ti tó lójú wọn, wọn á da omi sí i, á ṣì-ì-ì, èéfín á sọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti padà sí bó ṣe wà?"

Ó di ojú kan, ó fi ìkejì wo mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Màmá, ojú la fi ń wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo sì fọkàn balẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Bọ̀lẹ̀kájà ayé àtijọ́ ní ṣáásì tirẹ̀ nísàlẹ̀, igi méjì gbọọrọ onírin, ara onípákó wá jókòó lórí rẹ̀. Bí ara bá bàjẹ́, ṣáásì ṣì wà. Típà àti tírélà ṣì ní irú ṣáásì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ káà tí à ń gùn lónìí, Corolla, Camry, Accord, kò ní ṣáásì ọ̀tọ̀. Ilẹ̀ mọ́tò, òrùlé rẹ̀, òpó ìlẹ̀kùn, imú àti ìdí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jó pọ̀ di ẹyọ kan. Gbogbo ara ni ṣáásì. Bí imú bá rún, ó lè ti ṣí òpó ìlẹ̀kùn nídìí láìjẹ́ pé ojú rí i.

Wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe imú yẹn kó lè rún ni. Béla Barényi, ẹnjiníà kan tó ń bá ilé iṣẹ́ Mercedes ṣiṣẹ́ ní Jámánì, gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí ní 1952: kí iwájú àti ẹ̀yìn mọ́tò rọ̀, kí wọ́n máa ká bí ìwé nígbà ìjàǹbá, kí àárín tí èrò jókòó sí sì le, kó dúró gbọin. Ní 1959 ni Mercedes kọ́kọ́ gbé mọ́tò tí wọ́n ṣe lọ́nà bẹ́ẹ̀ jáde fún títà. Láti ìgbà náà, imú mọ́tò dà bí ẹni tó fi ara rẹ̀ rọ́pò èrò. Bó ṣe ń ká ló ń gbé agbára ìkọlù mì, kó má baà dé àyà yín.

Nítorí náà, irin inú mọ́tò kan ṣoṣo kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó wà nímú ní ihò àti ìṣẹ́po tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀, kó lè mọ ibi tó máa ti ká. Èyí tó wà nínú òpó àárín, láàárín ìlẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn, sábà máa ń jẹ́ irin tí wọ́n pò mọ́ boron, tí wọ́n mú gbóná gan-an nílé iṣẹ́ tí wọ́n sì mú tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, títí ó fi le ju irin lásán lọ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lọ́jọ́ tí iná gáàsì bá pọ́n irin yẹn lẹ́yìn ilé iṣẹ́, líle rẹ̀ ti lọ. Ó ṣì rí bí irin, ó ṣì ń dún bí irin tí ẹ bá kàn án, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi síbẹ̀ mọ́. Omi tí ọ̀gá yẹn sì dà sí i kò dá a padà.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí àbúrò mi gba mọ́tò rẹ̀, tó ń dán bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọkọ̀ ojú omi sọ̀kalẹ̀, Micra kan yọ sí i lójijì láti ẹ̀gbẹ́ títì nílùú Ìbàdàn. Eré tó ń sá kò pọ̀, ẹ̀bá ọjà ni. Ó tẹ bíréèkì, ó ṣì kàn án. Dẹ́rẹ́bà Micra sọ̀kalẹ̀, ó ń pariwo. Àbúrò mi kò lè sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ mọ́tò ti ká sókè lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojúgun ọ̀tún rẹ̀ ti dá sí méjì, síárìn ti tẹ̀ ẹ́ láyà.

Nígbà tí wọ́n tú mọ́tò náà wò, wọ́n bá irin áńgù méjì tí wẹ́dà fi ti imú rẹ̀ láti inú, "kó lè lágbára". Ó lágbára lóòótọ́. Kò ká. Agbára tó yẹ kí imú gbé mì gba inú áńgù kọjá tààrà sí ẹsẹ̀ àbúrò mi. Nínú síárìn, níbi tí airbag yẹ kó wà, fóòmù tìmùtìmù ni wọ́n ká síbẹ̀. Rẹ́ẹ̀wáyà ti so nǹkan kékeré kan tí kò tó èékánná mọ́ wáyà rẹ̀, kí iná ìkìlọ̀ orí dáṣíbọ́ọ̀dù má baà tàn. A ti sanwó airbag. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Irú èyí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Texas ní Amẹ́ríkà, ní 2013, tọkọtìyàwó kan wà nínú Honda Fit ọdún 2010 tí wọ́n rà ní àlòkù. Mọ́tò náà kò tilẹ̀ ní ìjàǹbá kankan tẹ́lẹ̀. Yìnyín ló bọ́ sórí òrùlé rẹ̀ nígbà tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ilé àtúnṣe sì pààrọ̀ òrùlé náà. Ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n jó o mọ́ ara mọ́tò ní ojú ibi tó lé ní ọgọ́rùn-ún bí Honda ṣe là á kalẹ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí Toyota Tundra kan kọlù wọ́n, mọ́tò náà fún mọ́ wọn lára, wọn kò ríbi jáde, iná sì ràn. Wọ́n yè é, ṣùgbọ́n wọ́n fara pa gan-an. Ní 2017 ilé ẹjọ́ dá ilé àtúnṣe náà lẹ́bi, mílíọ̀nù 31.5 dọ́là ni wọ́n ní kó san. Òrùlé nìkan lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ o, òrùlé tí yìnyín tẹ̀.

Ẹ wá ro tòkunbọ̀ tó kún ọjà wa. Nígbà tí mọ́tò bá bàjẹ́ kọjá ohun tó tọ́ láti tún ṣe ní Amẹ́ríkà, adójútòfò á san owó ẹni tó ni ín, á sì gbé mọ́tò lọ sí ọjà gbàǹjo. Ìwé rẹ̀ á di salvage, ìyẹn ìwé mọ́tò tó ti bàjẹ́ kọjá títúnṣe. Àwọn oníṣòwò á rà á, á gba Èkó tàbí Kútọnu wọlé, á gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà àti àwọn akunmọ́tò kọjá, á wá yọ sí ẹ̀bá títì pẹ̀lú ọ̀dà tuntun: "Ó mọ́, kò ní àbàwọ́n, ìyá àgbà kan ló ń gùn ún lọ ṣọ́ọ̀ṣì." Àwọn kan tilẹ̀ ń gé mọ́tò méjì, wọ́n ń jó iwájú ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà yín ní irú èyí, ẹ sá.

Ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ gba nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀, lẹ́tà àti òǹkà 17 ni, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà àti lára òpó ìlẹ̀kùn. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ máa lọ. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò tí wọ́n yà nígbà gbàǹjo ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí mọ́tò yín bó ṣe rí kí wọ́n tó kùn ún. Ilé iṣẹ́ Carfax náà ń ta ìtàn mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá. Owó yẹn kéré sí ti dókítà eegun.

Lẹ́yìn náà, ẹ lo ọwọ́ àti ojú, lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù. Ẹ fi òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ wé kan ara mọ́tò láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin dáadáa, bọ́dì-fílà ló wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo orí nọ́ọ̀tì tó mú un. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti họ, spánà ti dé ibẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù, kí ẹ yọ táyà ìpààrọ̀, kí ẹ wo ilẹ̀ rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì ìlẹ̀kùn. Ojú ìjórin ilé iṣẹ́ máa ń jẹ́ àmì róbótó-róbótó tó tò lọ déédéé, tí ìwọ̀n ọ̀kan sí èkejì jọra. Ti wẹ́dà máa ń wú bí àpá egbò. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ìlẹ̀kùn àti ara mọ́tò, bóyá ó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná airbag gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kú. Èyí tí kò tàn rárá burú bákan náà pẹ̀lú èyí tí kò kú, torí wọ́n lè ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Ẹ ní kí ẹnì kan wakọ̀ náà níwájú yín lórí títì tó tẹ́jú, kí ẹ̀yin máa tẹ̀ lé e. Bí táyà ẹ̀yìn kò bá tẹ̀lé ti iwájú, tí mọ́tò ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí akàn, ṣáásì ti wọ́.

Ẹ̀yin panẹ́bítà àti wẹ́dà, mi ò bú yín. Ọwọ́ yín ń ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ojú kò lè wọn irú mọ́tò báyìí. Àṣìṣe tó ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ ìwọnṣáásì tó ń fi í wé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀ nìkan ló lè rí i. Ẹ má gbé iná gáàsì sí òpó. Ẹ má fi áńgù ti imú. Ẹ yọ èyí tó bàjẹ́, kí ẹ jó tuntun síbi tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n ti gé e, kí ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ti mú èrò nígbà ìjàǹbá pẹ̀lú airbag tó ti bú. Bí agbára oníbàárà kò bá gbé e, ẹ sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé mọ́tò yìí ti parí.

Bí ẹ bá sì ti ń gun irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tí síárìn rẹ̀ ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí táyà ń jẹ níhà kan lẹ́yìn aláìnmẹ́ńtì, tí ìlẹ̀kùn ń fẹ́ kí ẹ gbé e kó tó pa dé, ẹ má gbé e wọ ojú ọ̀nà márosẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé fún ọdún.

Àbúrò mi ṣì ń tiro díẹ̀. Mọ́tò náà wà lẹ́yìnkùlé wa fún oṣù mẹ́ta, àwọn èèyàn sì ń wá díye lé e. Ọ̀kan sọ fún wa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, òun á ti tún un ṣe, òun á ti tà á. A kò tà á fún un. A pe àwọn tó ń ra àlòkù irin, a ní kí wọ́n kọ́kọ́ gé e sí mẹ́rin níwájú wa, kí wọ́n gé òpó àárín méjèèjì pẹ̀lú, kí wọ́n tó kó o sọ́kọ̀. Àbúrò mi jókòó lórí àga, ó ń wo iná gáàsì yẹn títí wọ́n fi gé e tán.